Àrólé Kì í Fẹ́ Àrólé

Àgùntàn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe èèyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan níparí oṣù Kọkànlá, Maïlis gun òkè lọ sí ọgbà àjàrà tó ga jù lẹ́yìn ilé wọn, láti lọ tọ́ èso wò. Ojoojúmọ́ ló ń tọ́ ọ wò lásìkò yẹn, nítorí lórí àwọn òkè Jurançon, irú àjàrà kan náà ló ń bí ọtí méjì. Tí èèyàn bá tètè ká èso rẹ̀, wáìnì funfun tó mú lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò fi ṣe. Tó bá ní sùúrù, tó fi í sílẹ̀ títí ewé fi wọ́ dànù, afẹ́fẹ́ gúúsù tó ń ré òkè ńlá kọjá láti Spain á máa fa omi inú èso náà díẹ̀díẹ̀, awọ rẹ̀ á hunjọ bí ìka ọwọ́ ẹni tó pẹ́ nínú omi, adùn á sì kójọ sínú. Èyí tó hunjọ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì dídùn tí wọ́n fi mọ ilé Tisnérat.

Kó tó dé òkè ló ti ń gbọ́ agogo. Ọkàn rẹ̀ já. Agogo ọrùn àgùntàn ni.

Agbo ẹran kan ti tò sídìí àjàrà bí èrò tó wá jẹun ìgbéyàwó. Igi àjàrà wọn ga, nítorí náà àwọn mìíràn dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń fi ètè já èso náà lẹ́yọ lẹ́yọ, oje ń kán lẹ́nu wọn. Darandaran wọn jókòó lórí òkúta, ó fi fìlà bẹ́réètì bo iwájú orí, ó ń fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì.

"Ta ló ni àwọn ẹran yìí?"

"Èmi ni, Mademoiselle. Ẹ kú àárọ̀ o."

"Àárọ̀ wo? Ṣé ẹ ò rí ohun tí wọ́n ń jẹ ni?"

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn pẹ̀lẹ́. "Koríko ni mo mú wọn wá jẹ. Bàbá tó yá mi ní pápá nísàlẹ̀ ní wọ́n ti ká àjàrà tán. Àwọn èso gbígbẹ wọ̀nyẹn, mo rò pé ẹ gbàgbé wọn ni. Kí n má parọ́, mo tiẹ̀ ní ọ̀lẹ kan ló ni oko yìí."

"Ọ̀lẹ!" Maïlis fẹ́ bínú, ẹ̀rín sì ń fún un lọ́rùn. "Ọ̀lẹ ló ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti wá wo èso tẹ́ ẹ fi ń bọ́ àgùntàn? Inú èso tó hunjọ yẹn ni gbogbo ọdún wa wà!"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó fò dìde, ó súfèé fún ajá rẹ̀, ajá náà sì kó agbo ẹran jáde kí Maïlis tó parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Gratien, ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Ọmọkùnrin, níbo lo ti wá?"

"Àfonífojì Ossau, Bàbá. Bastien ni mí, ilé Broucas."

"Ní Ossau, ṣé ojú fèrèsé ló kọjú sí ògiri ni? Tí o ò fi mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí pàǹtí?"

"Mo jẹ̀bi, Bàbá," ni Bastien wí. Kò ṣàlàyé kankan mọ́. "Mi ò lè dá èso padà sórí igi. Ṣùgbọ́n mo ní ọwọ́ méjì. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí n bá yín ká a."

Gratien fẹ́ lé e lọ. Maïlis ló ní kó dúró. Ìdí tó fún bàbá rẹ̀ ni pé èrò ìkórè ti tú ká. Ìdí tó wà nínú rẹ̀ kò tíì hàn sí òun fúnra rẹ̀.

Kíká èso dídùn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ń kánjú. Èèyàn á fi àlùmọ́gàjí kékeré mú kìkì èyí tó ti hunjọ, á fi èyí tó ṣì kún sílẹ̀, á tún padà wá nígbà mìíràn. Wọ́n dúró ní ìhà méjì igi kan náà, ewé ò sí láàárín wọn mọ́, kìkì waya àti èso. Maïlis rí i pé ọwọ́ ọkùnrin náà fúyẹ́, kò fọ́ ẹyọ kan.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Ọmú àgùntàn. Tí o bá fún un jù, á fi ẹsẹ̀ dá garawa nù. Tí o ò bá fún un tó, wàrà ò ní jáde."

"Èwo wá ni èso yìí jọ?"

"Ó jọ èyí tó ń fẹ́ kí wọ́n bẹ òun kó tó ṣe é," ni Bastien dáhùn, ó sì wò ó. Maïlis tètè tẹ̀ síwájú, bí ẹni pé èso tó wà níwájú ló pè é.

* * *

Hélène, ìyá Maïlis, ló fòfin de kẹ́míkà lórí ilẹ̀ Tisnérat kó tó jáde láyé, wọn ò sì rú òfin náà rí. Koríko ń hù láàárín ilà àjàrà, ẹ̀rọ ni Gratien sì fi ń gé e. Ilẹ̀ wọn dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì máa ń fẹ́ yí lulẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, Bastien ní òun lè da ẹran sáàárín àjàrà títí òjò ìrúwé. Bàbá kùn, ó ní pátákò á ba ilẹ̀ jẹ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó rí i tí koríko mọ́ féfé bí orí tí wọ́n fá, tí ìgbẹ́ àgùntàn bo ilẹ̀, tí ẹ̀rọ sì jókòó lábẹ́ àtíbàbà.

"Wọn ò kúkú dáa," ló wí, "ṣùgbọ́n wọn kì í mu epo."

Báyìí ni ọjọ́ òtútù ṣe ń lọ. Maïlis ń gé ẹ̀ka àjàrà, Bastien ń ṣọ́ ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń bí ọ̀rọ̀. Maïlis mú un wọ ilé ọtí tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, ó gbé etí rẹ̀ lé àgbá kó gbọ́ bí wáìnì ṣe ń hó lábẹ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú oje; nínú wáìnì tó mú lẹ́nu, á jẹ ẹ́ tán pátápátá; nínú èyí tó dùn, ṣúgà pọ̀ débi pé á jẹ, á jẹ, á sì kú sẹ́nu oúnjẹ, èyí tó kù ni adùn tí à ń mu.

"Wọ̀bìà ló ń pa á," ni Bastien wí.

"Òun nìkan kọ́."

"Èmi ni o ń bú yẹn? Nítorí pé mo jẹ ọbẹ̀ Bàbá lẹ́ẹ̀mejì lánàá?"

"Ẹni tí bàtà bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, kó wọ̀ ọ́."

Nígbà tí àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, ó di dandan kí Bastien kó ẹran lọ. Ilé tí kì í lo kẹ́míkà, omi bàbà aláwọ̀ búlúù ló ń fín sára ewé kó má baà bu. Bàbà yẹn sì ni ikú àgùntàn. Ẹ̀dọ̀ àgùntàn kì í lè lé e jáde. Á máa tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara ẹran náà á le koko, títí di ọjọ́ tí ẹ̀dọ̀ bá kún, tí á ṣubú lulẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí àìsàn kan. Bastien mọ̀ bẹ́ẹ̀, Maïlis mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi ọjọ́ kan lé ọjọ́ kan, títí Gratien fi gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn síta, tó ń fọ̀ ọ́.

"Ó ku ọ̀la," ni Bastien wí ní ẹnu ọ̀nà ọgbà.

"Ó ku ọ̀la."

"Ilé wa máa ń gòkè lọ sí pápá ẹ̀rùn níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ mú níbẹ̀. Tí ẹnì kan bá fẹ́ rí mi, àfi kó wá."

"Ta ló fẹ́ rí ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fún un jù, bẹ́ẹ̀ ni kò fi sílẹ̀. Ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ajá sì jókòó, ó ń wo ibòmíràn.

Ní gbogbo ìrúwé, bí Maïlis ṣe ń fín omi búlúù náà, ẹ̀dọ̀ àgùntàn ló ń rò. Ara òun náà le koko. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń kójọ nínú òun.

* * *

Nínú oṣù Keje, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà parí sí, ó fẹsẹ̀ gòkè dé ahéré òkúta tí Bastien ń gbé. Ìkùukùu bo ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ayé parí sí ibẹ̀. Bastien ń se wàrà nínú ìkòkò ńlá kan, apá rẹ̀ wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá, ó ń fi ọwọ́ kó èyí tó dì jọ nísàlẹ̀ láti fi ṣe wàràkàṣì.

"Má sọ̀rọ̀," ló wí láìwẹ̀yìn. "Ó ń dì lọ́wọ́."

Maïlis dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọkùnrin náà gbé ìṣù funfun náà jáde, tí omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó yíjú, ojú rẹ̀ sì là bí ẹni tí wọ́n tanná sí nínú.

Maïlis wo ìkòkò náà. "Bàbà lèyí?"

"Bàbà ni. Ti bàbá bàbá mi."

"Bàbà tó ń pa àgùntàn lẹ fi ń se wàrà wọn?"

"Bàbà ò ṣẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló lè pa ni."

Wọ́n jókòó síta, wọ́n jẹ wàràkàṣì ọdún tó kọjá pẹ̀lú wáìnì tó mú lẹ́nu tí Maïlis gbé wá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yí ọ̀rọ̀ kan po. Maïlis ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀.

"Bastien, èmi ni àrólé Tisnérat."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ náà ni àrólé Broucas."

"Mo mọ ìyẹn náà." Ó fi ọ̀bẹ ha èèpo wàràkàṣì. "Àrólé kì í fẹ́ àrólé. Ìyá mi ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti ń rá kòrò."

Ní Béarn, agbègbè wọn, ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin, òun ló ni ilé, ilé náà ló sì ni ín. Àwọn àbúrò ló ń jáde lọ fẹ́ni sílé ẹlòmíràn, tí wọ́n á sì máa fi orúkọ ilé ẹlòmíràn pè wọ́n. Tí àrólé méjì bá fẹ́ ara wọn, ilé kan gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Sidonie, àbúrò mi, mọ ẹran jù mí lọ," ni Bastien wí. "Orí àgùntàn ni wọ́n bí i sí. Tí mo bá fi ilé sílẹ̀ fún un, ilé ò ní tì."

"Wàá wá máa gbé ilé wa? Kí wọ́n máa pè ẹ́ ní Bastien Tisnérat?"

"Kí wọ́n máa pè mí ní ohunkóhun tí ìwọ bá ń dáhùn sí."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

Bastien pa ọ̀bẹ rẹ̀ dé. Agogo àwọn àgùntàn ń dún lórí òkè, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Maïlis wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń rùn wàrà, ẹ̀rù sì bà á. Ṣé èèyàn lè fa igi tó ti ta gbòǹgbò tu, kó sì ní ìfẹ́ ni òun fi ṣe é?

* * *

Lẹ́yìn tí wọ́n ká èso wáìnì tó mú lẹ́nu tán nígbà ìwọ́wé, ó sọ fún bàbá rẹ̀. Gratien ń fọ àgbá lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Darandaran tó fi wáìnì wa bọ́ ẹran?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ̀ dáa," ló wí, ó tún da omi sínú àgbá. "Mi ò ní kó má wá. Tó bá fẹ́ ọ, kó wá wí i. Ẹnu rẹ̀ ò yadi."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́, Bàbá? Àrólé ni."

"Kí lèmi fẹ́ fi ìyá rẹ̀ ṣe? Èmi ni bàbá obìnrin. Àwọn ni kó wá bá mi."

Ni Maïlis bá ké sí Àǹtí Noélie, àbúrò ìyá rẹ̀ tó lọ́kọ sí Ossau, pé kó bá òun ṣe alárinà. Noélie fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ. Ó wọ kóòtù tuntun, ó gbé àkàrà òyìnbó tó yan fúnra rẹ̀ dání, ó lọ bá Marthe Broucas. Lọ́jọ́ kejì ó wakọ̀ wá sí Tisnérat, ojú rẹ̀ sì ti fi gbogbo rẹ̀ hàn kó tó jókòó.

"Ó fún mi ní kọfí," ló bẹ̀rẹ̀. "Kọfí náà gbóná. Òun nìkan lohun tó gbóná níbẹ̀. Mo ní, 'Marthe, àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn ara wọn.' Ó ní, 'Ajá mi fẹ́ràn wàràkàṣì, mi ò tìtorí ẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ àká.'"

"Àǹtí!"

"Kì í ṣe èmi, òun ló sọ ọ́! Ó ní ilé Broucas kì í fi àrólé tọrẹ. Mo ní Sidonie wà níbẹ̀. Ó ní òun ò béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kó àkàrà mi padà fún mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó yọ ẹyọ kan. Obìnrin náà burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀."

Nígbà tí fóònù wá mú, Bastien sọ̀rọ̀ díẹ̀. "Tí mo bá sá wá, Maïlis, mi ò ní lè gbórí sókè nílé yín. Mo fẹ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ní sùúrù fún mi."

Sùúrù ni iṣẹ́ Maïlis. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń dúró de èso. Ṣùgbọ́n èso kì í ní ìyá. Ó pe Rémi, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Toulouse.

"Tí mo bá ní kí o wá gba ilé ńkọ́?"

"Ilé wo?"

"Tisnérat. Kí n lọ sí Ossau."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n agbọ́n ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀yìn ń dùn mí, wáìnì dídùn sì ń fún mi ní orí fífọ́. Tí o bá fún mi ní ilé yẹn, ọdún méjì ni, á di ilé ìtura àwọn arìnrìn-àjò. Ṣé ohun tí Màmá fẹ́ nìyẹn?"

Kì í ṣe ohun tí Màmá fẹ́. Kì í ṣe ohun tí Maïlis fẹ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ọtí, ó rò ó síwá-sẹ́yìn. Tó bá di ilé mú, ọkùnrin lọ. Tó bá tẹ̀ lé ọkùnrin, ilé lọ. Kò sí àlùmọ́gàjí tó lè ya méjèèjì.

* * *

Nígbà tó tó àkókò láti kó ẹran padà wá sáàárín àjàrà, kì í ṣe Bastien ló kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin kúkurú kan tó wọ bàtà òjò ló ń bọ̀ níwájú agbo, ó ń fi ohùn tó dún bíi fèrè bá wọn wí. Ó ti ti àwọ̀n mọ́lẹ̀ yí ilà tí wọ́n ti ká po kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan.

"Èmi ni Sidonie. Wọ́n ti kì mí nílọ̀ nípa àwọn èso yín. Ṣé ìwọ nìyàwó wa?"

"Ìyá yín ní rárá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àǹtí Noélie."

Sidonie fi ọ̀pá gúnlẹ̀. "Gbọ́, jẹ́ kí n bá ẹ sọ òótọ́. Lóòótọ́ ni ìyá mi lé Noélie jáde. Èmi pàápàá bá wọn jà nítorí ẹ̀. Mo ní, 'Màmá, ta ló ń fún wàrà nílé yìí? Ta ló ń dìde sí ẹran tó ń bímọ? Ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣe é.' Ṣó o mọ ohun tí wọ́n dá mi lóhùn? Wọ́n ní, 'Tí ilé kan bá fẹ́ fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ilé mìíràn, olórí ilé náà ló ń gòkè wá tọrọ. Wọ́n fẹ́ ọmọ mi, wọ́n rán obìnrin kan tó gbé àkàrà. Ṣé àgùntàn tó sọnù ni Bastien, tí wọ́n á fi kàn fà á lọ?'"

Maïlis dúró. "Bàbá mi ni kó wá?"

"Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń mú ọkọ wọlé, ẹ̀yin lẹ ń tọrọ. Ṣé bàbá yín ò mọ̀ ni? Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Béarn."

Maïlis bá bàbá rẹ̀ nínú ọgbà, ó ń so àjàrà mọ́ waya. Ó sọ ọ́ fún un láìfi kan pe méjì. Ó retí pé á gbaná jẹ. Ṣùgbọ́n Gratien kàn rọra fi okùn sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Ẹ mọ̀, Bàbá?"

"Mo mọ̀ pé ẹni tó ń mú ọkọ wọlé ló ń tọrọ." Ó jókòó sílẹ̀ létí ilà àjàrà náà. "Kí ni orúkọ mi?"

"Gratien Tisnérat."

"Gratien Pouey ni orúkọ ìbí mi. Ṣé o ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni? Ilé wa wà nísàlẹ̀ odò, ilé kékeré, ọmọ pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Hélène yàn mí, bàbá rẹ̀ kò wá. Ó ní kí ni òun fẹ́ lọ tọrọ nílé Pouey, ṣebí wọ́n á dúpẹ́ pé ẹnu kan dín. Mo di ẹrù mi, mo gòkè wá fúnra mi. Ìyá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó ti wọ aṣọ dáadáa láti àárọ̀, ó ń retí pé wọ́n á wá." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu. "Kò wá sí ilé yìí rí títí ó fi kú. Mo máa ń lọ bá a. Hélène máa ń lọ bá a. Ṣùgbọ́n òun ò wá."

Maïlis mú okùn náà nílẹ̀. Ó jókòó tì í.

"Nígbà tí o mú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wá," ni Gratien ń bá a lọ, "mo ní kí òun náà rìn ín bí mo ṣe rìn ín. Mo ń pè é ní iyì bàbá obìnrin. Kì í ṣe iyì kankan. Ohun tí wọ́n ṣe sí mi ni mo fẹ́ ṣe sí ẹlòmíràn."

Afẹ́fẹ́ gúúsù ti dìde, ó gbẹ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn òkè ńlá sì sún mọ́tòsí bí ohun tí ọwọ́ lè kàn.

"Ọjọ́ tó dára fún ìkórè nìyí," ni Maïlis wí jẹ́jẹ́.

"Èso á dúró dè wá," ni Gratien dáhùn. Maïlis ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Lọ bá mi yọ kóòtù dúdú mi jáde."

* * *

Ilé Broucas wà níbi tí àfonífojì ti fún. Marthe Broucas ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Obìnrin gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́. Bastien dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́bàá ààrò. Nígbà tó rí Maïlis, ó di ẹ̀yìn àga mú. Sidonie ti pe aládùúgbò kan pé kó bá òun ṣọ́ ẹran, ó sì ti ṣáájú wọn délé, ó ń ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

"Ẹ wọlé," ni Marthe wí. "Òtútù ń wọlé tẹ̀lé yín."

Gratien ò jókòó. Ó bọ́ bẹ́réètì, ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Madame Broucas, mo pẹ́ kí n tó wá. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọ mi, kì í ṣe ti Noélie. Nígbà tí mo wọ ilé Tisnérat, ẹnikẹ́ni ò lọ tọrọ mi lọ́wọ́ ìyá mi. Ó dùn ún títí ó fi wọlẹ̀. Mo mọ bó ṣe rí, mo sì tún fẹ́ ṣe é sí yín." Ó yí bẹ́réètì náà po lọ́wọ́. "Ọmọ yín mọ iṣẹ́. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ọmọ mi fẹ́ ẹ. Èmi náà fẹ́ ẹ ní ilé mi. Mo wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín."

Iná ń ta nínú ààrò.

"Kí ni ẹ ó máa pè é?" ni Marthe bi í.

"Orúkọ tí ẹ sọ ọ́. Títí ayé. Ẹni tó bá pè é ní ohun mìíràn níwájú mi, kò ní mu wáìnì mi."

"Ìyẹn ò tíì sí rí."

"Kò tíì sí rí, Madame."

Marthe yíjú sí Sidonie. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá lè gbé ilé yìí? Kì í ṣe àgùntàn nìkan. Òrùlé. Gbèsè tí àwọn tó ti kú fi sílẹ̀. Èmi náà, nígbà tí mo bá ya alágídí."

"Màmá, ẹ ti ya alágídí tipẹ́," ni Sidonie wí, "mo sì ṣì wà níhìn-ín."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bastien kó tó mọ̀. Marthe kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa àga sẹ́yìn fún Gratien, òun fúnra rẹ̀, nídìí tábìlì, níwájú iná. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Maïlis. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí èèyàn ṣe ń wo ẹran tó fẹ́ rà, láìsí ìtìjú.

"Mo gbọ́ pé ẹ kì í jẹ́ kí ẹran wà lọ́gbà yín lẹ́yìn ìrúwé."

"Nítorí bàbà ni, Màmá. Á pa wọ́n."

"Mo mọ̀. Mo ti ń da ẹran kí wọ́n tó bí ẹ. Níbo ni ẹran rẹ̀ á wà nígbà ẹ̀rùn?"

Maïlis wo Bastien. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ débẹ̀ rí láàárín ara wọn. Ìfẹ́ ti gbà wọ́n lọ́kàn débi pé wọn ò rò ó dé oṣù Keje. "Lórí òkè, Màmá," ló wí. "Lọ́dọ̀ yín. Kò síbòmíràn tí wọ́n lè lọ. Òun náà á sì máa tẹ̀lé wọn wá. Èmi á máa gòkè wá nígbà tí iṣẹ́ ọgbà bá dẹ̀."

"Ní gbogbo ọdún?"

"Bí bàbà bá ti ń bẹ, tí àgùntàn sì ń bẹ. Ní gbogbo ọdún."

Obìnrin náà dìde, ó jáde sí àgbàlá láìwọ kóòtù. Wọ́n gbọ́ tó ṣí àgọ́ ẹran. Nígbà tó padà sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fa abo àgùntàn àgbà kan tó ní ìwo, agogo ńlá lọ́rùn rẹ̀. Òun ló máa ń ṣáájú agbo. Bastien gbéra.

"Màmá, olórí agbo nìyẹn. Ti ilé ni."

"Mo mọ ohun tó jẹ́." Marthe kò fi okùn náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kọjá lára rẹ̀, ó sì nà án sí Maïlis. "Ọmọkùnrin tó ń jáde nílé gbọ́dọ̀ mú ìpín rẹ̀ dání. Àwọn yòókù, á yàn wọ́n fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí, ìwọ ni kí o dì í mú."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, Màmá?"

"Nítorí tí oṣù Keje bá dé, tí ọkọ rẹ bá ní iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín, tí o bá ní kẹ́ ẹ sún un di ọdún tó ń bọ̀, àgùntàn yìí ò ní gbà fún yín. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ké. Ó mọ ọ̀nà ibí yìí."

Maïlis gba okùn náà. Àgùntàn náà tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi orí ti ìtàn rẹ̀.